Ẹnu àti Ọkàn Nínú Ìgbàlà: Ọ̀ràn Àwọn Tó Ṣubú ní Carthage



Ní nǹkan bí ọdún 57, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé láti Kọ́ríńtì sí àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní Róòmù. Nínú orí 10, ẹsẹ 9 àti 10, ó so ìgbàlà mọ́ kí ẹnu jẹ́wọ́ Jésù, kí ọkàn sì gbà pé Ọlọ́run jí i dìde. Ẹsẹ méjèèjì yìí ni àwọn oníwàásù wa gbé àdúrà “ẹ máa wí i tẹ̀ lé mi” kà níbi ìsọjí. Oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, àwọn tó jáde á sọ ọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. N kò kẹ́gàn àdúrà náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn tòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti gbàgbé ẹni tí àwọn Kristẹni ìgbà náà ń jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀. Àwa ń jẹ́wọ́ níwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Àwọn jẹ́wọ́ níwájú ẹni tó lè pa wọ́n.

Ẹ wo bí àpọ́sítélì náà ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ẹsẹ 9, ẹnu ló ṣáájú. Nínú ẹsẹ 10, ọkàn ló ṣáájú. Àwọn kan ti jiyàn títí lórí èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wáyé. Bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ wà nínú ẹsẹ 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti gbé ọ̀rọ̀ Mósè jáde láti inú Deutarónómì orí 30: ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Ísírẹ́lì, ẹnu wọn ló wà, ọkàn wọn ló wà. Bí Mósè ṣe tò ó ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ tò ó, kó tó wá yí i padà. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ, èyí tó ní inú, tó sì ní òde.

Òde ìgbàgbọ́ yìí ni ìjọba Róòmù dán wò. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Bítíníà, kọ̀wé sí Késárì Trajan. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn Kristẹni kàn, òun á bi í léèrè títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá dúró lórí bẹ́ẹ̀ ni, ikú ni tirẹ̀. Ẹni tó bá sẹ́, tó sun tùràrí, tó ta wáìnì sílẹ̀ níwájú ère Késárì, tó sì fi Kristi bú, á máa lọ sílé. Ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni kò kan gómìnà náà.

Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ni ọ̀ràn yìí ti wá le jù. Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Róòmù, àṣẹ náà sì délé dóko ní ọdún 250. Ẹni tó bá rúbọ gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé bẹ́ẹ̀ tó lé ní ogójì ṣì wà títí di òní, tí wọ́n wú jáde ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹni tó ni ín á sọ nínú rẹ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń bọ àwọn òrìṣà, òun sì tún ti tọ́ ẹbọ wò lójú àwọn aláṣẹ.

Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló sáré lọ rúbọ. Àwọn mìíràn, tí wọ́n lówó lọ́wọ́, kò fọwọ́ kan ẹbọ rárá. Wọ́n fowó ra ìwé ẹ̀rí náà. Àwọn wọ̀nyí ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Àwíjàre wọn ni pé Kristi ṣì ni ọkàn àwọn ń sìn. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù wọn, kò gbà fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti fara pamọ́ nígbà inúnibíni náà, àwọn kan sì bá a wí fún un, ṣùgbọ́n ó fi ìyàtọ̀ hàn: ẹni tó sá kò tíì sẹ́, ẹni tó gba ìwé ti jẹ́ kí a kà á mọ́ àwọn tó rúbọ. Ìwé náà ti gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbà pẹ̀lú Cyprian. Òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé irọ́ lọ́fíìsì lónìí, tó ní “Ọlọ́run mọ ọkàn mi”, àwíjàre àwọn ará Carthage ló ń wí.

Ẹnu nìkan kò sì tó. Jésù fúnra rẹ̀ ti sọ nínú Mátíù orí 7 pé àwọn kan á máa pe òun ní Olúwa, òun á sì ní òun kò mọ̀ wọ́n rí.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ Pọ́ọ̀lù dẹ́rù ba odi, tàbí ẹni tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìwà àti ọwọ́ lè jẹ́wọ́. Ẹ rántí olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù. Kò sí ọwọ́ tí yóò fi ṣe rere mọ́, kò sí ẹsẹ̀ tí yóò gbé e lọ sí odò ìrìbọmi. Ẹnu ló ṣẹ́kù fún un, ó sì lò ó láàárín àwọn tó ń fi Olúwa ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀ ní 251, àwọn tó ṣubú, ìyẹn àwọn tó rúbọ àti àwọn tó ra ìwé, padà wá pẹ̀lú ẹkún. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, takú pé ìjọ kò gbọ́dọ̀ gbà wọ́n mọ́. Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà jókòó, wọ́n ní kí a yẹ ọ̀ràn àwọn tó ra ìwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbà wọ́n padà. Kí àwọn tó rúbọ máa bá ìrònúpìwàdà lọ, kí a má sì kọ̀ láti gbà wọ́n nígbà ikú. N kò rí ìdájọ́ tó dára ju èyí lọ, nítorí kò fojú kéré ẹ̀ṣẹ̀ náà, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Láìpẹ́, ewu inúnibíni tuntun tún ń rú bọ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà wá pinnu láti fún gbogbo àwọn tó ń ronú pìwà dà ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìjẹ́wọ́ kankan kò sì tíì jáde lẹ́nu wọn láti fi ṣàtúnṣe ìṣubú wọn. Àlàyé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí Cornelius, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ni pé àwọn kò lè sọ fún ènìyàn pé kó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Kristi, kí àwọn sì máa fi ẹ̀jẹ̀ Kristi dù ú.