Ta Ni Yóò Máa Ti Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ojú Irin?

Ẹni tó bá ti wọ danfo rí ní Ìdímù mọ̀ pé ẹni méjì ló ń darí rẹ̀: awakọ̀ ń wo iwájú, kọ̀ńdọ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí èrò kò bá tíì sọ̀ tán, kọ̀ńdọ́ a ké pé, “Ó wà o!” Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gáàdì rélùwéè ń ṣe ní Agége láyé ọjọ́un, bí kò bá fi àsíá aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí.

Iṣẹ́ yìí ló dájà sílẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn gáàdì ẹgbẹ́ RMT yanṣẹ́lódì ní ilé-iṣẹ́ Southern. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kí awakọ̀ máa ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí gáàdì di alábòójútó èrò. Wọ́n ní owó oṣù kò ní dín. Owó kọ́ ni ìjà náà dá lé. Bí ilẹ̀kùn bá bọ́ lọ́wọ́ gáàdì, ọkọ̀ lè gbéra láìsí i níbẹ̀ rárá. Ta ni yóò wá gbé aláàbọ̀ ara wọlé?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ASLEF, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, gbà pé ẹnì kejì yóò máa wà nínú ọkọ̀, àfi bí ọ̀ràn àìròtẹ́lẹ̀ bá dé. RMT kò gba “àfi” yẹn wọlé.