Ìjì Orí Òkun, Ìkìlọ̀, àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tó sì fi ààlà sí omi òkun. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ìjì tó ń jà lórí òkun. Ẹnì kan lè sọ pé, "Ààfáà, kí ló kan àwẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìjì?" Ó kàn án. Ìjì òkun tó tíì pa èèyàn jù lọ nínú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìtàn, inú oṣù Ràmàdáànì ló jà. Àwọn Mùsùlùmí tó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà bí àwa náà ṣe gbààwẹ̀ lónìí ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a lọ. Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, nínú Ràmàdáànì mìíràn, ìjì ńlá tún jà lórí òkun kan náà, ṣùgbọ́n iye ẹni tó kú kò jọra rárá. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí la fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tá à ń sọ. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ India, Òkun India ya wọ inú ilẹ̀ lọ sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bay of Bengal. Ní orí rẹ̀ pátápátá ni orílẹ̀-èdè Bangladesh wà, níbi tí odò Ganges, Brahmaputra àti Meghna ti ń ya wọ òkun. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò wọ̀nyí ń gbé wá ló di erékùṣù bíi Bhola, Hatiya àti Manpura. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni fún ìrẹsì, ẹja sì pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí èrò fi kún un. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ.

Báwo ni ìjì yìí ṣe ń dìde? Oòrùn á ta sórí omi òkun fún oṣù mélòó kan, omi á gbóná. Bí ooru omi náà bá tó ìwọ̀n 26 tàbí 27 ní Celsius, tó sì jinlẹ̀ wọ inú omi, oru á máa gòkè lọ sójú sánmọ̀. Bó ti ń gòkè ló ń di ìkùukùu àti òjò, ooru tó gbé látinú omi á sì tú jáde, afẹ́fẹ́ á túbọ̀ máa gòkè. Afẹ́fẹ́ mìíràn á sáré láti ẹ̀gbẹ́ wá dí àyè tó ṣófo. Nítorí pé ayé ń yí, kò ní lè wá tààrà, á máa yípo ni. Gbogbo wa la ti rí ààjà tó máa ń gbé ewé àti eruku lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá fojú inú wo ààjà tí fífẹ̀ rẹ̀ ju láti Èkó dé Ìlọrin lọ! Láàárín rẹ̀ gan-an ni ojú ìjì wà, ibẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti tán, á jáde síta, kó tó di pé afẹ́fẹ́ padà láti apá kejì.

Cyclone ni wọ́n ń pe ìjì yìí ní Bengal. Hurricane ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, typhoon sì ni ní Japan àti China. Ohun kan náà ni gbogbo wọn. Kì í sábà dìde nítòsí ìlà agbede-méjì ayé, nítorí yíyí ayé kò lágbára tó láti yí afẹ́fẹ́ po níbẹ̀. Èyí wà lára ohun tí Ọlọ́hun fi ṣàánú etíkun tiwa.

Àwọn Lárúbáwá tó ń tukọ̀ lórí Òkun India láyé àtijọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun náà ní àkókò tirẹ̀. "Mawsim", ìyẹn àkókò, ni wọ́n ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn Òyìnbó ti rí "monsoon" tí wọ́n ń pè. Ahmad ibn Majid, atukọ̀ ńlá tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, kọ ìwé lórí ìràwọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà orí omi, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kí òun ṣí àti ìgbà tó yẹ kí òun dúró. Ní Bengal, àkókò méjì ni ìjì máa ń jà jù: oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, kí òjò ńlá tó dé, àti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, lẹ́yìn tí òjò bá lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, omi ló ń pa èèyàn jù nínú ìjì náà, ó ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta epo mọ àrọ: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkun Bengal rí. Bó ti ń lọ sókè ló ń há, tí kò sì jìn mọ́. Ìjì á ti omi òkun síwájú, omi náà ò ní ríbi yà sí, àfi kó ru sókè bí ògiri. Bí òṣùpá bá wá kún lákòókò náà, omi òkun ti ga tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Bó ṣe rí nìyẹn ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 1970, tí í ṣe 1390 Hijira. Ràmàdáànì ti wọ nǹkan bí ọjọ́ kejìlá, òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Pakistan ti Ìlà-Oòrùn ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Àkókò ìkórè ìrẹsì ni, àwọn lébìrà ti wá láti ibòmíràn sí àwọn erékùṣù. Àwọn èèyàn ṣínu lálẹ́, wọ́n sì wọlé. Kó tó di àkókò sààrì, òkun ti bo ọ̀pọ̀ abúlé mọ́lẹ̀. Ní àgbègbè Tazumuddin ní Bhola, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ibẹ̀ tó lọ. Àpapọ̀ àwọn tó kú, ohun tí wọ́n ṣírò ni 300,000 sí 500,000. Innaa lillaahi wa innaa ilaehi raajiuun.

Ohun tó dunni jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn lójijì. Sátẹ́láìtì ti rí ìjì náà, rédíò sì ti sọ ọ́. Àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ará etíkun ló gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló lọ sí ibi tó lè gbà wọ́n là. Àwọn kan kò mọ bí ewu náà ti tóbi tó. Àwọn kan kò sì ní ilé gíga kankan tí wọ́n lè sá lọ. Ìrànwọ́ ìjọba tún falẹ̀, ìbínú ẹ̀ wà lára ohun tó fa ìpínyà, Bangladesh sì dá dúró ní 1971.

Ní 1972, ìjọba tuntun àti ẹgbẹ́ Red Crescent dá ètò ìmúrasílẹ̀ fún ìjì sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ abúlé fúnra wọn: bí ìkìlọ̀ bá dé, wọn á ta àsíá kan, méjì tàbí mẹ́ta bí ewu bá ṣe ń súnmọ́, wọn á fi gbohùngbohùn kéde láti ilé dé ilé. Àwọn mọ́sálásí náà á fi ẹ̀rọ tí ládàánì fi ń pèrun ké sí èèyàn. Wọ́n ń kọ́ ilé alápèérò tó dúró lórí òpó gíga, tí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilé ìwé bí kò bá sí ìjì. Wọ́n mọ òkìtì ilẹ̀ gíga fún màlúù pẹ̀lú, nítorí àwọn kan kì í fẹ́ fi ẹran wọn sílẹ̀.

Kò yanjú lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1991, ìjì mìíràn kọlu ìhà Chittagong, ó sì pa nǹkan bí 138,000. Ilé ìsádi kò tíì tó nígbà náà. Ohun kan tún hàn níbẹ̀: àwọn obìnrin tó kú pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ara ìdí rẹ̀ ni pé àwọn mìíràn jókòó ti ọmọ àti ẹrù, wọ́n ń retí kí ọkọ dé kó yọ̀ǹda fún wọn kí wọ́n tó jáde. Omi ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n tún ètò náà ṣe, wọ́n sì fi obìnrin kún àwọn akéde. Nígbà tí Sidr jà ní 2007, àwọn tó kú jẹ́ bíi 3,400.

Ó wá di ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 2020. Àwẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ní Bangladesh. Òru ọjọ́ náà ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí púpọ̀ nínú wa fi ń wá Laelatul-Kọdri. Ìjì Amphan dé, tòun ti àrùn kòrónà tó wà nílẹ̀. Wọ́n ti pe àwọn apẹja wálé. Wọ́n kó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ sí ibi ààbò, wọ́n sì ṣí ju 12,000 ilé ìsádi kí wọ́n má baà há mọ́ra. Òótọ́ ni pé ìjì náà rọ̀ díẹ̀ kó tó gúnlẹ̀, apá India ló sì kọ́kọ́ gbà, ó sì ba ilé àti oko jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ní Bangladesh, àwọn tó kú kò tó ọgbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òkun ló yí padà. Ní 2008, Nargis kọlu Myanmar lórí omi kan náà, níbi tí ìmúrasílẹ̀ kò ti tó, ẹ̀mí tó lé ní 130,000 ló lọ.

Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́? Àkọ́kọ́, ìgbáralé Ọlọ́hun kì í ṣe ìjókòó lásán. Ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni tàbí kí òun tú u sílẹ̀, kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tó gbà ni pé kó so ó ná, kó tó gbára lé E. Ànábì Nuha pẹ̀lú, ọkọ̀ ni Ọlọ́hun ní kó kàn, kí ìkún omi tó dé. Ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ìkìlọ̀ tó ní òkè lòun máa gùn. Kádàrá dájú, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó dé etí wa náà wà nínú kádàrá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀sìn wa kò ni èèyàn lára nígbà ewu. Láyé àwọn sàábé, bí òjò àti afẹ́fẹ́ bá le, ládàánì a máa kéde pé kí oníkálùkù kírun nílé. Ẹ ò rí i pé ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ti wọ inú ìpèrun láti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá ń yọ ẹlòmíràn nínú omi, tí ẹ̀mí ẹni yẹn wà nínú ewu, tí àwẹ̀ kò sì jẹ́ kó lágbára, kó ṣínu, kó san án padà lẹ́yìn Ràmàdáànì.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin baálé. Ẹ sọ fún ará ilé yín kí wàhálà tó dé: "Bí ẹ bá gbọ́ pé omi ń bọ̀, ẹ máa lọ, ẹ má dúró dè mí." Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ì bá gba ẹ̀mí púpọ̀ là ní 1991. Àwa kò ní ìjì Bengal níbí, ṣùgbọ́n a ní omíyalé. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ bí òjò yóò ṣe rí fún wa lórí rédíò. Ní 2022, ju 600 èèyàn ló bá omíyalé lọ ní Nàìjíríà. Rédíò tá a fi ń gbọ́ wáàsí, ẹ má ṣe pa á nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ti ojú ọjọ́. Ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ tá a fi ń pèrun àṣámù wúlò láti pe èèyàn kúrò nínú ewu.

Ọlọ́hun á forí jin àwọn tí omi gbé lọ. Ànábì wa sọ pé Mùsùlùmí òdodo tó kú sómi wà lára àwọn ṣẹ̀ẹ́dì. Ọlọ́hun á gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Yóò fún wa ní etí ìgbọ́ràn àti ẹsẹ̀ tó yá. Kò ní jẹ́ ká fi àwẹ̀ tá a gbà ṣòfò. Àmín. Wa salaamu alaekun wa ramọtulaahi wa barakaatuhu.