Ilẹ̀kùn Tó Ń Lé Olè Kò Gbọdọ̀ Ti Èèyàn Mọ́lé

Lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn oníkáàdì ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tó wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀bù, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo ń bá wọn ṣe é.

Kí ló kàn yín níbẹ̀? Bí àwọn òbí yín bá fẹ́ ṣe irú ilẹ̀kùn yìí, ta ló ń bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìwé àdéhùn, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń bá wọn buwọ́ lù ú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, bàbá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n yọ àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lára ògiri, pé àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè yọ ọ́." Wọ́n ní, "Ta ló ń sanwó fún ẹ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ló di ilẹ̀kùn yẹn mú. Agbára tó fi dì í lè ju ti ẹrù 500 kílò lọ, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ fà á. Iná mànàmáná ló ń gbé e ró. Bí iná bá ti já, ilẹ̀kùn á ṣí. Àpótí aláwọ̀ ewé yẹn ló ń já iná náà ní tààrà. Bọ́tìnnì funfun tí ẹ máa ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ránṣẹ́ sí. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo fi ìdérí oníke bo àpótí náà, èyí tó máa ń ké bí wọ́n bá ṣí i. Àwọn ọmọ ò fi ṣeré mọ́. Inú bàbá dùn.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì, nítorí ìbẹ̀rù olè. Òfin ààbò iná ti ọdún 2005 ní England àti Wales sọ ọ́ kedere: ilẹ̀kùn tí èèyàn máa gbà sá jáde gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí kíákíá, láìní wàhálà. Ẹni tó ń ṣàkóso ilé ni òfin máa mú, ì báà jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: bí iná mànàmáná bá lọ, ṣé ẹni tó wà nínú ilé á lè jáde láìlo káàdì?

Èkejì: bí agogo ìkìlọ̀ iná bá dún, ṣé mágínẹ́ẹ̀tì á tú fúnra rẹ̀? Ẹ béèrè nípa bátìrì náà o. Mo ti rí ibi tí agogo ti ń dún, tí bátìrì ṣì di ilẹ̀kùn mú gbọin.

Ẹ̀kẹta: ṣé ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe láti dá iná dúró ni wọ́n fẹ́ lu ihò sí? Ihò kan péré lè bà á jẹ́.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, nígbàkigbà tí ẹ bá ń dán agogo wò lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ilé ìjọsìn yín. Ó dìgbà kan ná o.