Acha kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ó dá búrẹ́dì padà sílé wa

Èmi fẹ́ràn oúnjẹ, n kò fi bò. Nígbà tí dókítà sọ pé bàbá àwọn ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ, ohun tó kọ́kọ́ dùn wọ́n ni búrẹ́dì àárọ̀.

Jos là ń gbé, acha sì pọ̀ lọ́jà wa. Ọkà wẹ́wẹ́ ni, òun ni wọ́n ń pè ní fonio ní Guinea àti Mali. Mo máa ń fọ̀ ọ́ títí iyanrìn inú rẹ̀ á fi tán, màá sá a, màá wá lọ̀ ọ́. Acha kò ní gluten tó ń mú kí búrẹ́dì wú, nítorí náà mo máa ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà. Àjọ WHO ní yóò dára bí ṣúgà tí à ń bù sóúnjẹ kò bá tó gíráàmù 25 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Nílé, ọwọ́ mi ni ṣíbí wà.

Àwọn kan ń sọ lọ́jà pé alátọ̀gbẹ lè jẹ acha láìní ìwọ̀n. Irọ́ ni. Ó ń di ṣúgà nínú ara bíi ìrẹsì. Ègé méjì ni bàbá ń jẹ, pẹ̀lú ẹyin àti ẹ̀fọ́. Wọ́n ń yẹ ṣúgà ara wọn wò, wọn kò sì fi oògùn sílẹ̀.

Ẹ má gbé oúnjẹ aláìsàn sí kọ̀rọ̀. Ohun tó bá lè jẹ ni kí gbogbo ilé jọ jẹ.