Owó Wa La Fi Ń Ra Ìdọ̀tí Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ará ìlú ní Igana

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú àyíká. Bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ọ̀dọ̀ ìjọba ni ọkàn wa ń lọ: wọn ò kó ìdọ̀tí, wọn ò la gọ́tà. Òótọ́ ni. Òfin fi ìkójọ ìdọ̀tí ilé sí ọwọ́ kọmúùnù, a ó sì bi wọ́n léèrè, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé tiwa.

Ẹ fi ojú inú wo ààtàn ẹ̀yìn ilé yín. Kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun, ọ̀rá omi, ike, abọ́ àjẹsọnù. Ta ló kó wọn wá? Kì í ṣe méyà, kì í sì í ṣe àjòjì. Àwa la kó wọn ti ọjà bọ̀, owó wa la sì fi rà wọ́n. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ìyẹn lọ: ìdọ̀tí tó ń ba ilẹ̀ wa jẹ́, owó wa la fi ń rà á wọlé. Bó bá jẹ́ owó wa ló mú un wọlé, owó wa náà ló lè tì í síta.

Mo ní abo ewúrẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ikùn rẹ̀ ń wú, kò jẹun mọ́. A ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Kí n má purọ́, mo ti ń fi ojú burúkú wo aládùúgbò mi. Nígbà tí ewúrẹ́ náà kú tí a là á, ọ̀rá la bá nínú ikùn rẹ̀, ó ti dì mọ́ra bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀rá tí a fi di iyọ̀, ọ̀rá tí a fi di gààrí, ọ̀rá tí òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti ń gbé mì. Ọ̀rá ilé tèmi náà á wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi owó mi ra ohun tó pa ewúrẹ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kí n bá ọmọ ẹnìkejì jà lé e lórí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rín in. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sin ẹran láàárín yín mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn kan á ní àwọn kì í jù ú síta, àwọn ń sun ún ni. Ẹ jọ̀ọ́, èyí burú ju èkíní lọ. Èéfín ọ̀rá kì í ṣe èéfín ewé. Oró wà nínú rẹ̀, àyà ọmọ kékeré tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ló ń gbà á sí. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Èéfín aládùúgbò kì í dúró sí àgbàlá rẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2017-39. Òfin náà ka ṣíṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, àti kíkó o wọlé, kíkó o jáde, títà á, níní in lọ́wọ́, pínpín in àti lílò ó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò mọ sórí oníṣòwò nìkan, ó kan èmi tí mo gbé e dání ti ọjà bọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọdún 1990 náà sọ ọ́ ní abala 27 pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó ní ìlera, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti dáàbò bò ó. Ẹ̀tọ́ àti ojúṣe, ìlà kan náà ni wọ́n wà. Àwọn mìíràn ti ń ṣe é ṣáájú wa: Rwanda ti fòfin de ọ̀rá láti ọdún 2008. Àwọn ará wa ní Èkó náà, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba wọn kéde pé òun fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà.

Ṣùgbọ́n òfin wà lórí ìwé, ọ̀rá ṣì wà lọ́jà. Kí ló fà á? Mo bi ìyá kan tó ń ta oúnjẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rá kò ná mi ní nǹkan kan. Ewé ló wọ́n. Ẹni tó ń já a fún mi tẹ́lẹ̀ ní òun kì í rí i mọ́ nítòsí." Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò papọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ewé eéran àti ewé gbódógì tí àwọn ìyá wa fi ń di ẹ̀kọ, tí wọ́n fi ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀, kì í hù nínú oòrùn gangan. Abẹ́ igi ńlá ló ń hù, níbi tí òjìji wà tí ilẹ̀ sì tutù. Bí a bá gé igi, òjìji lọ. Bí òjìji bá lọ, ewé kú. Bí ewé bá kú, ìyá oníẹ̀kọ á na ọwọ́ sí ọ̀rá. Ta ló wá gé igi? Ẹni tó fẹ́ oko wà níbẹ̀, ẹni tó ń la pákó wà níbẹ̀, ẹni tó ń sun èédú náà wà níbẹ̀. Ta ló ń ra èédú? Àwa ni. Ṣé ẹ rí i bí nǹkan ṣe so kọ́ra? Iná tí a dá lábẹ́ ìkòkò ló ń ṣá ewé tí à bá fi di oúnjẹ inú ìkòkò náà.

Èédú ń jẹ igi ju bí a ṣe rò lọ. Bí a ṣe ń sun ún ní oko, tí a to igi tí a fi erùpẹ̀ bò ó, igi kìló 5 títí dé kìló 10 ló ń lọ kí èédú kìló 1 tó jáde. Ìyókù bá èéfín lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń dáná èédú, igi tó ń jó kì í ṣe èyí tó rí nínú àpò nìkan.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dáná o. Ẹbí gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ní ká ṣírò owó ni. Ká ní ilé kan ń ra èédú 200 fránkì lóòjọ́. Lọ́dún kan, 73 000 fránkì nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ààrò tí a yí amọ̀ ká, tí afẹ́fẹ́ kò lè máa tú iná rẹ̀ ká, rọ́pò èyí tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n dé ìkòkò, tí wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí wọ́n tó sè é, tí wọ́n sì pa iná ní kété tí oúnjẹ bá jinná, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan bá kù sílẹ̀, ó lé ní 24 000 fránkì. Owó ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká gáàsì, kó lò ó, kì í ṣe fáàrí.

Àwa tún jẹ́ ọmọ ọlọ́pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, ọ̀pẹ sì wà káàkiri oko wa. Lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, ìhá ẹyìn wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá pa èkùrọ́, èèpo rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì ń jó dáadáa. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ọ́n lò. Kí ló dé tí àwa ń dà á nù, tí a tún wá ń fi owó ra èédú?

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ayẹyẹ, torí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ya jù. Bí a bá ń ṣe òkú àgbà tí a pe èèyàn 300, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀rá 900 ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, a ò tíì ka ti abọ́ àjẹsọnù. Lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ ẹ wọ oko. Ní àwọn ibi tí ilẹ̀ wa jẹ́ amọ̀ dúdú, tí omi òjò kì í tètè fà, ẹ mọ ohun tí ọ̀rá ń ṣe níbẹ̀. Ó dí ojú omi, ẹ̀fọn gba ibẹ̀, ibà wọlé, a tún fi owó ra oògùn. Owó lẹ́ẹ̀mejì!

Ẹ tún wo ibi tí owó náà ń gbà lọ. Owó abọ́ àjẹsọnù, Kútọnu ló ń lọ, láti ibẹ̀ ó di òkè òkun. Owó ewé, owó igbá, owó apẹ̀rẹ̀ àti owó ìkòkò amọ̀, ọwọ́ obìnrin àti ọ̀dọ́ ilé wa ló ń bọ́ sí, á sì tún padà wá bá wa lọ́jà ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà ti fún ará ilé rẹ̀ níṣẹ́.

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun mẹ́rin ni mo gbé síwájú yín.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, ká ra abọ́ onírin àti ife tó pọ̀, pẹ̀lú àmù omi ńláńlá. Ẹni tó bá ní ayẹyẹ, kó san owó díẹ̀ yá a, kó fọ̀ ọ́, kó dá a padà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Bí ará ìlú bá rí i pé níbi ayẹyẹ Kábíyèsí, abọ́ onírin ni wọ́n fi bu oúnjẹ, kò ní sí ẹni tí ojú á tì láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kí àwọn ìyá ọlọ́jà fohùn ṣọ̀kan: oníbàárà tó bá mú apẹ̀rẹ̀ tàbí abọ́ olómorí wá, kí wọ́n fi ènì sí i fún un. Ènì dùn ju ọ̀rá lọ. Tí gbogbo yín bá ṣe é pa pọ̀, kò sẹ́ni tí oníbàárà rẹ̀ á sá lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, igbó orò wa. Àwọn baba wa fi èèwọ̀ ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba náà fọwọ́ sí ìwé àṣẹ lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú àwọn igbó bẹ́ẹ̀ ní Benin. Ẹ̀yin tí ẹ ni àṣẹ ìbílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di èédú. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni ewé eéran á ti tún hù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sì ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 1985. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbin igi tirẹ̀, kí a sì yan ọmọ tí á máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí a gbìn tí a kò bomi rin, àwòrán la gbìn.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìṣèlú, mo ṣèlérí pé mà á padà síbẹ̀. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò wa, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun mẹ́ta: ibo ni Igana á máa da ìdọ̀tí sí? Ta ni yóò máa kó o? Láti inú owó wo? Kó dá wa lóhùn níwájú gbogbo ènìyàn, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá ti ń tún ilé tiwa ṣe, a ó lè wo ojú rẹ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó sórí ààtàn tí àwa fúnra wa rà, ẹnu wa ò ní gbà á.

Mi ò ní ká yí ohun gbogbo padà lọ́jọ́ kan. Ọjà tó ń bọ̀ yìí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbé apẹ̀rẹ̀ dání jáde nílé. Ká bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà á gbé tèmi. Ẹni tó bá rí mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, kó béèrè lọ́wọ́ mi pé ewúrẹ́ ta ni mo tún fẹ́ pa.

  Ilẹ̀ wa kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.