Òkúta Pupa: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Dei-Dei

Ó ti dé etígbọ̀ọ́ wa pé àwọn kan ń gbé òkúta pupa kiri ọjà, wọ́n ń pè é ní rúbì, àwọn ọ̀dọ́ wa sì fẹ́ kó owó àjọ lé e. Ìdí nìyí tí a fi dìde sọ̀rọ̀.

Òkúta pupa tí a mọ ilẹ̀ Yorùbá mọ́, rúbì kọ́, tọmalín ni. Ní ọdún 1998 wọ́n rí i púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Nígbà tí àpáta tó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ bá ń tutù, omi gbígbóná tó ṣẹ́ kù a wọ inú ihò àpáta, ibẹ̀ ni òkúta yìí ti ń dì díẹ̀díẹ̀. Máńgáníìsì inú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di pupa. Ó máa ń gùn gbọọrọ, ó sì ní ìlà lára. Bí a bá fi líle dáyámọ́ńdì ṣe 10, rúbì jẹ́ 9, tọmalín jẹ́ 7 sí 7.5, gíláàsì kò ju bíi 5.5 lọ. Bí tọmalín bá gbóná, a máa fa eérú mọ́ra. Òrùka, yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ojú lásán kò tó láti dá a mọ̀. Ní ọdún 1777, Gustav Kẹta, ọba Sweden, fi òkúta pupa ńlá kan ta Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, lọ́rẹ. Rúbì ni wọ́n pè é. Tọmalín ni ó padà jẹ́. Bí ojú ààfin bá lè ṣì í mú, àwa tí à ń ta sìmẹ́ǹtì àti pákó ńkọ́? Gíláàsì pupa lásán tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wà á, kò sì gbọdọ̀ ṣòwò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń fúnni ní ìwé ìwakùsà wà ní Àbújá níhìn-ín. Ẹ lọ bèèrè.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe ná owó àjọ sórí òkúta tí onímọ̀ kò tíì yẹ̀ wò, tí kò sì ní ìwé. Owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí a má ṣe fi ọwọ́ òfo padà.