Oògùn Tí A Ń Fi Kún Oògùn



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan láàrin yín dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Àpò ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ike oògùn mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣàárẹ̀ láti ọdún mẹ́ta: ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì dá a lójú pé àwọn aládùúgbò ń pète láti pa òun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó gba ìtọ́jú, àwọn ohùn náà sì dákẹ́. Gbogbo wa ni a bá a yọ̀.

Ìyá náà wí pé, “Fádà, ohùn ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tíì dé. Bí mo bá rán an ní ọṣẹ àti iyọ̀, ọṣẹ nìkan ni yóò rà bọ̀. Bí oníbàárà bá fún un lówó, kò mọ iye tí yóò fi ṣe ṣéńjì. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọ̀lẹ.” Ike kẹta, ọwọ́ ẹni tí ń kiri oògùn ní ọjà ni ó ti rà á, wọ́n ní yóò là á ní ìyè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi kún méjì tí dókítà kọ.

Àwa kì í ṣe dókítà. A mú àpò náà tọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ, a sì ka ìwé díẹ̀ pẹ̀lú.

Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia kì í ṣe ti ohùn àìrí nìkan. Ó máa ń ba ìfọkànsí jẹ́, ó ń sọ ìrántí di ahẹrẹpẹ, ó sì ń mú kí ètò ohun kékeré ṣòro. Nígbà tí Emil Kraepelin ará Jámánì ń ṣàpèjúwe rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 19, orúkọ tí ó fún un túmọ̀ sí pé làákàyè tètè ń ṣá; ní 1908 ni Eugen Bleuler ará Switzerland sọ ọ́ ní orúkọ tí a mọ̀ lónìí. Àwọn oògùn tí a ń lò nísinsìnyí kò tíì sí nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé oògùn ilé ìwòsàn nìkan ni ó sọ ọmọ di dìndìnrìn kò sọ òótọ́ tán.

Ní 1952 ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú àrùn yìí. Largactil ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. (Àwọn baba wa kò sùn ṣáájú ìgbà náà: wọ́n ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú alárùn ọpọlọ. Egbò igi Íńdíà kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ reserpine ní 1952 kan náà.) Chlorpromazine àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń dí ojú ọ̀nà ońṣẹ́ kan tí ń jẹ́ dopamine nínú ọpọlọ. Ohùn a dákẹ́, ìfura a rọlẹ̀. Ní ti ìrònú àti ìrántí, ìrànlọ́wọ́ wọn kéré.

Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa wá oògùn tí a ó fi kún un. Wọ́n ti wá a pẹ́. Ilé iṣẹ́ Boehringer Ingelheim ní Jámánì dán iclepertin wò fún ọ̀sẹ̀ 26 lára àwọn tí ń lo oògùn wọn tẹ́lẹ̀; ní oṣù kìíní 2025 wọ́n kéde pé nínú ìdánwò ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrònú kò sàn ju ti àwọn tí a fún ní hóró òfìfo lọ. Bí àwọn tí ó ní ilé ìwádìí ńlá kò bá tíì rí i, níbo ni ẹni tí ń kiri ọjà ti rí tirẹ̀?

Ṣùgbọ́n ike kejì ni ó yà wá lẹ́nu jù. Artane ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní benzhexol. Dókítà fi kún oògùn àkọ́kọ́ nítorí pé ìyẹn ń mú kí ọrùn le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ sì máa dà. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Àmọ́ ó tún ń dí ọ̀nà ońṣẹ́ mìíràn, acetylcholine, èyí tí ìrántí gbára lé. Ẹni tí ó ń gbàgbé tẹ́lẹ̀ yóò wá máa gbàgbé sí i. Ẹ tún wo èyí: oògùn tuntun tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2024 fún àrùn yìí, xanomeline, àwọn ilẹ̀kùn tí Artane ń tì ni ó ń ṣí. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni a kọ Artane fún ní ọdún kìíní tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè mọ́ bóyá ọrùn ṣì ń le. Ní tiwa, a rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ gbé lọ bá dókítà, ṣáájú kí wọ́n tó béèrè ohun tí a ó fi kún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fúnra yín dá a dúró. Dídá a dúró lójijì a máa mú ìnira wá, bí oògùn àkọ́kọ́ bá sì dúró, àwọn ohùn lè padà. Àwa oníwàásù pàápàá ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí: a ti rí àwọn tí a gba oògùn lọ́wọ́ wọn nítorí pé a ń gbàdúrà fún wọn.

Ní Aro, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adeoye Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé inú ìletò tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ará ilé wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sílé lálẹ́. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ ìbátan nítòsí. Ìyá tí a ń wí yìí, òun nìkan ni ó ń dá ṣọ́ ìsọ̀ àti ọmọ.

Dókítà ti ń dín Artane kù díẹ̀díẹ̀. Ike kẹta ti wọ inú ṣáláńgá. Ọmọ náà ní ìwé ìkọ̀wé kékeré kan nísinsìnyí, ó ń kọ ohun tí a rán an sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ rìn lọ rìn bọ̀ ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, ó ra ọṣẹ, ó ra iyọ̀. Ó gbàgbé ṣéńjì sọ́dọ̀ ìyá oníyọ̀, ó sì padà lọ gbà á fúnra rẹ̀.